Àwòrán Ìwé Kì í Ṣe Ìwé

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa akẹ́kọ̀ọ́ nísinsìnyí. Bí ẹnìkan bá ń dárò pé ìwé àtijọ́ kan ń gbó lọ, kíá ni ẹlòmíràn yóò dá a lóhùn pé, "Ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ, ó parí." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ó dà bí ẹni pé ìwé tí ó bá ti wọ inú kọ̀ǹpútà ti bọ́ lọ́wọ́ ikán, ó ti bọ́ lọ́wọ́ òjò, ó sì ti bọ́ lọ́wọ́ iná. Èmi kò wá láti sọ pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ààbọ̀ òtítọ́ ni. Lóòótọ́, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ṣùgbọ́n ààbọ̀ òtítọ́ kì í di odindi nínú ẹnikẹ́ni, ńṣe ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ.

Kí ni à ń pè ní ìpamọ́ ìwé? Bí mo bá ti ẹ̀wù mi mọ́ inú àpótí, tí mo sì sọ kọ́kọ́rọ́ àpótí náà sínú odò, ǹjẹ́ mo pa ẹ̀wù mi mọ́ bí? Ẹ̀wù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìhòòhò ni èmi wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìwé rí. Ìwé tí a pamọ́ ni ìwé tí ẹni tí ó ń wá a lè rí, tí ó sì lè kà. Òṣùwọ̀n yìí ni mo fẹ́ fi wọn iṣẹ́ àwọn ilé-ìkàwé tí ń gbé ìwé orílẹ̀-èdè wọn sínú ẹ̀rọ. N ó kọ́kọ́ fi wọn iṣẹ́ ilé-ìkàwé orílẹ̀-èdè Nọ́wè, nítorí pé wọ́n wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dáwọ́ lé gbogbo ìwé ilẹ̀ wọn láìṣa ọ̀kan sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni n ó wá bèèrè ohun tí iṣẹ́ wọn fi kọ́ àwa tí a ń kọ Yorùbá.

Nọ́wè wà ní òkè àríwá Yúróòpù. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò pọ̀. Bí a bá ka gbogbo wọn tàgbà tèwe, wọn kò tó mílíọ̀nù 6. Èdè wọn kì í ṣe èdè tí gbogbo ayé ń sọ. Ibi méjì ni ilé-ìkàwé orílẹ̀-èdè wọn wà: ọ̀kan wà ní Oslo tí í ṣe olú-ìlú, èkejì wà ní ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Mo i Rana, níhà àríwá níbi tí òtútù ti ń mú gidigidi. Ní Mo i Rana yìí ni wọ́n ti gbẹ́ inú òkè àpáta, tí wọ́n sì kó ìwé sí i, kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè máa tutù kí ó sì máa gbẹ bí wọ́n ti fẹ́ kí ó rí. Wọ́n ṣe òfin ní 1989 pé ohunkóhun tí a bá gbé jáde fún aráyé ní ilẹ̀ náà, kí a mú ẹ̀dà rẹ̀ wá fún ilé-ìkàwé. Kì í ṣe ìwé nìkan ni òfin náà mú. Ó mú ìwé ìròyìn, ó mú àwo orin, ó mú fíìmù, ó sì mú ọ̀rọ̀ orí rédíò pẹ̀lú.

Ní 2006 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé gbogbo ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn sínú ẹ̀rọ. Ẹ kíyè sí i pé gbogbo ni mo wí. Ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé ńlá ni ó jẹ́ pé bí wọ́n bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, wọn a kọ́kọ́ ṣa àwọn ìwé olókìkí, èyí tí a fi wúrà kọ lẹ́tà rẹ̀, èyí tí ọba kan fọwọ́ sí. Àwọn ará Nọ́wè kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé àwọn akéwì ńlá wọ inú ẹ̀rọ, ìwé oúnjẹ sísè náà wọ ibẹ̀, ìwé ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì kò sì gbẹ́yìn. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí mo yìn nínú iṣẹ́ wọn. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ọ̀mọ̀wé ọ̀la yóò wá.

Bí ẹnìkan bá rò pé àsọdùn ni mo sọ, kí ó wo ilé wa. Láti 1929 dé 1930, Isaac B. Thomas ń gbé ìtàn obìnrin kan tí ó pè ní Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Ìwé ìròyìn ni. Bí a bá kà á tán, ó tó ohun tí a lè fi di àkàrà. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni ó gbà pé ìtàn náà ni ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, ó sì ṣáájú ìwé Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà, tí ó jáde ní 1938, ní ọdún mẹ́jọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Karin Barber tún un gbé jáde ní 2012, ó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ṣe àlàyé lé e lórí. Bí ó bá jẹ́ pé olókìkí nìkan ni a ń pamọ́ ní 1930, tani ì bá pa Sẹ̀gilọlá mọ́?

Ohun kejì tí mo yìn ni bí wọ́n ṣe bá àwọn òǹkọ̀wé lò. Ìwé tí òǹkọ̀wé rẹ̀ ṣì wà láyé, tàbí tí kò tíì pẹ́ tí ó kú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Ilé-ìkàwé náà kò fi ipá gbà á. Wọ́n bá Kopinor, ẹgbẹ́ tí ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn tí ń tẹ ìwé jáde, jókòó sọ ọ́. Ní 2009 wọ́n fi ìwé àwọn ọdún díẹ̀ dán an wò. Ní 2012 wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn fún gbogbo ìwé ilẹ̀ náà tí ó jáde títí dé 2000. Bokhylla ni wọ́n pe ohun tí wọ́n ṣe yìí, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pẹpẹ ìwé. Lọ́dọọdún ni ilé-ìkàwé ń san owó fún ojú ìwé kọ̀ọ̀kan tí ó wà lórí pẹpẹ náà, òǹkọ̀wé tí kò bá sì fẹ́ kí ìwé òun wà níbẹ̀ lè ní kí wọ́n mú un kúrò. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a ń ṣe ẹ̀dà odindi ìwé lẹ́nu géètì ọgbà yunifásítì láìfi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́ sí ẹni tí ó kọ ọ́ ronú sí èyí. Ẹni tí ó bá ń jalè lóko kò lè sọ pé òun ń pa irè oko mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yin ènìyàn tán ni ó yẹ kí ó bá a wí. Ìwé àdéhùn náà sọ pé ẹni tí ó bá wà nílẹ̀ Nọ́wè nìkan ni ó lè ṣí àwọn ìwé tí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ṣì wà lórí wọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn bá fẹ́ kà wọ́n, yóò bá ìlẹ̀kùn ní títì. Àwọn èyí tí wọ́n ti pẹ́ gan-an nìkan ni ó lè rí kà. Mo mọ ìdí rẹ̀: owó ni. Ẹni tí ó sanwó fún ará ilé rẹ̀ kò jẹ gbèsè ará òde. Síbẹ̀, bí a bá fi òṣùwọ̀n tí a mú wọn wọ̀n, a ó rí i pé ìwé kan lè wà ní ìpamọ́ fún ẹnìkan kí ó sì sọnù fún ẹlòmíràn. Èyí kò burú títí, nítorí pé ìlẹ̀kùn tí a fi àdéhùn tì, àdéhùn lè ṣí i. Èyí tí ó le jù ni ìlẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà ní títì. Ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé gbogbo ènìyàn, ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ti ń lọ. Bí a bá ní a gbé ìwé sínú ẹ̀rọ, ohun mẹ́ta ni a ń ṣe. Èkíní, a ya àwòrán ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Èkejì, a ní kí ẹ̀rọ wo àwòrán náà kí ó sì sọ lẹ́tà tí ó rò pé òun rí níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, a to àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kà jọ, kí ẹni tí ó bá wá ọ̀rọ̀ kan lè rí ojú ìwé tí ó wà. Láìsí èkejì àti ẹ̀kẹta, òkìtì àwòrán lásán ni a ní. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn ìwé ìròyìn Èkó sọ nípa àrùn kan ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn yóò jókòó ti àwòrán ẹgbẹ̀rún kan, yóò máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí kò sí ẹ̀rọ. Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé àwòrán ìwé kì í ṣe ìwé. Kámẹ́rà kò mọ̀wé. Bí ó ti ń ya ojú ìwé náà ni ó ń ya ara ògiri.

Ẹ wá wo wàhálà tí ó wà nínú èkejì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún títí dé 1814, abẹ́ Dẹ́nímáàkì ni Nọ́wè wà, èdè Dẹ́nímáàkì ni àwọn ọ̀mọ̀wé wọn sì fi ń kọ̀wé. Nígbà tí ó ṣe, ọmọ àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Ivar Aasen rìn kiri àwọn abúlé, ó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ará oko. Ó gbé ìwé gírámà jáde ní 1848, ó sì gbé ìwé atúmọ̀ èdè jáde ní 1850. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ní ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń kọ èdè wọn. Àwọn méjèèjì kò sì dúró lójú kan. Wọ́n tún àkọtọ́ ṣe ní 1907, wọ́n tún un ṣe ní 1917, wọ́n tún un ṣe ní 1938. Ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí rìn, "gaa" ni wọ́n ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, "gå" ni wọ́n ń kọ ọ́ nísinsìnyí. Ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí èdè, "sprog" ni nínú ìwé àtijọ́, "språk" ni lónìí. Yàtọ̀ sí èyí, irú lẹ́tà kan tí igun rẹ̀ pọ̀, tí àwọn ará Jámánì náà ń lò, ni wọ́n fi tẹ ọ̀pọ̀ nínú ìwé wọn ìgbà náà, ẹ̀rọ a sì máa ṣi lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kà.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀? Ọmọdé òde òní jókòó nídìí ẹ̀rọ, ó tẹ "språk", ó ní kí ẹ̀rọ wá ohun tí àwọn bàbá ńlá òun sọ nípa èdè. Díẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò bá a rí nínú ìwé àtijọ́. Bí kò bá mọ ìtàn àkọtọ́, yóò rò pé àwọn bàbá ńlá rẹ̀ kò bìkítà fún èdè, bẹ́ẹ̀ ni ìjà èdè ni wọ́n fi gbogbo ìgbà náà jà! Ẹ gbà mí láyè kí n tẹnu mọ́ èyí, nítorí òun ni igi lẹ́yìn ọgbà ọ̀rọ̀ mi. Bí a bá bi àgbàlagbà ní ìbéèrè tí kò lè dáhùn, yóò ní, "N kò mọ̀, ẹ lọ bi lágbájá." Ẹ̀rọ kò mọ bí a ti ń sọ pé n kò mọ̀. Ohun tí ó máa ń sọ ni pé kò sí. Ẹni tí ó bá sì gbọ́ pé kò sí, kì í wá a mọ́.

Àwọn ará Nọ́wè kò sùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan tí ènìyàn lè fi wo bí ọ̀rọ̀ kan ti ń pọ̀ sí i tàbí tí ó ń dínkù lọ́dọọdún nínú ìwé wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè rí i kedere bí àkọtọ́ tuntun ti ń lé ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn mọ́ mi jù ni ti àwọn Sámi. Àwọn Sámi jẹ́ ẹ̀yà kékeré tí wọ́n wà ní ilẹ̀ náà láti ìgbà láéláé, èdè wọn sì ní lẹ́tà tí kò sí nínú èdè àwọn tí ó yí wọn ká: č, đ, ŋ, š, ŧ, ž. Ẹ̀rọ tí a fi èdè ńlá kọ́ ní ìwé kíkà, bí ó bá dé ojú ìwé Sámi, d ni yóò pe đ, s ni yóò pe š. Ní 2025 àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé náà gbé ìwádìí jáde lórí bí a ṣe lè kọ́ ẹ̀rọ kí ó ka Sámi bí ó ti yẹ. Wọ́n ti mọ̀ pé yíya àwòrán ìwé àwọn Sámi kò tó. Ẹni tí ó gbọ́ èdè náà gbọ́dọ̀ jókòó ti ẹ̀rọ kí ó máa tọ́ ọ sọ́nà.

Bí mo ti ń kà nípa àwọn Sámi, àwa ni mo ń rò. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ojú ìwé Yorùbá. Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, ó sì ń jáde títí di 1867 nígbà tí rògbòdìyàn lé àwọn òyìnbó kúrò ní ìlú náà. Ní 1875 àwọn àgbà ìjọ pàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá. Odindi Bíbélì jáde ní 1884. Èkó Àkéte dé ní 1922, Elétí Ọfẹ dé ní 1923, Akéde Èkó dé ní 1928. Ní 1966 ìgbìmọ̀ kan tún jókòó lórí àkọtọ́, nígbà tí ó sì di 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí èyí tí a ń lò lónìí. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, "aiye" ni wọ́n ń kọ, àwa ń kọ "ayé". "Enia" ni wọ́n ń kọ, àwa ń kọ "ènìyàn". "Nwọn" ni wọ́n ń kọ, àwa ń kọ "wọ́n". "Ọkọnrin" ni wọ́n ń kọ, àwa ń kọ "ọkùnrin". Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wá "ayé" nínú ìwé tí a tẹ̀ kí ó tó di ìgbà náà, ẹ̀rọ yóò sọ fún un pé kò sí ayé níbẹ̀. Ayé kún ibẹ̀ fọ́fọ́!

Ti àkọtọ́ nìkan kọ́. Èdè wa ń fi ohùn sọ̀rọ̀, ó sì ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà. Ẹ̀rọ tí kò kọ́ Yorùbá kò ka àmì wọ̀nyí sí nǹkan. Ó lè pe ti abẹ́ lẹ́tà ní ìdọ̀tí ara bébà, kí ó sì gbá a dànù. Mú ọkọ tí ó gbé ìyàwó, mú ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń ro ilẹ̀, mú ọkọ̀ tí ó ń gbé èrò lọ sí Èkó, mú oko tí a ti ń wa iṣu: bí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá kà wọ́n tán, "oko" ni gbogbo wọn. Obìnrin tí ó ní òun ń wá ọkọ, oko ni ẹ̀rọ yóò mú un lọ. A lè fi èyí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ kọ ìtàn ìgbéyàwó nílẹ̀ Yorùbá láti inú ìwé ìròyìn àtijọ́ kò ní rẹ́rìn-ín.

Àrékérekè mìíràn tún wà tí ojú kò lè rí. Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí a yà sọ́tọ̀ fún un. Nọ́ńbà méjì tàbí mẹ́ta ni a máa ń so pọ̀ kí ó tó jáde. Ẹnìkan lè tẹ ẹ kí ó tó fi àmì òkè lé e. Ẹlòmíràn lè tẹ é kí ó tó fi àmì sí i lábẹ́. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí ẹni tí ó ṣètò ẹ̀rọ náà kò bá fi ọgbọ́n sí i, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lójú ẹ̀rọ, ẹni tí ó bá wá ọ̀kan kò ní rí èkejì. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ìlẹ̀kùn kan wà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà ní títì.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò dìde báyìí pé, "Ilé ń jó, ìwọ ń sọ̀rọ̀ àmì ohùn. Bébà ìwé ìròyìn àtijọ́ ti ń fọ́ bí ewé gbígbẹ. Kí a yáa ya àwòrán rẹ̀ ná, kí àwọn ọmọ wa wá ṣe ìyókù." Ọ̀rọ̀ gidi ni, n kò sì bá a jiyàn. Bébà olówó pọ́ọ́kú tí a fi ń tẹ ìwé ìròyìn ní oró nínú tí í máa jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀. Kò ní dúró dè wá. Ẹ jẹ́ kí a ya àwòrán lónìí. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a ya àwòrán tán kí a gbẹ́ ọwọ́ kúrò níbẹ̀, kí a máa kéde pé a ti pa ìwé Yorùbá mọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìkéde bẹ́ẹ̀ kò ní fi owó sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí ó kù, nítorí pé wọ́n ti sọ fún un pé ó ti parí.

Kí a má sì tìtorí àwòrán sọ bébà nù. Ní oṣù Ọ́kítóbà 2023, àwọn olè orí ẹ̀rọ wọ inú kọ̀ǹpútà British Library ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan nínú àwọn ilé-ìkàwé tí ó tóbi jùlọ láyé. Wọ́n ba ẹ̀rọ jẹ́, wọ́n sì ń bèèrè owó. Ilé-ìkàwé náà kò san án, àwọn olè náà sì da ohun tí wọ́n jí síta. Ìwé kò kúrò lórí pẹpẹ, síbẹ̀ àwọn tí ń wá a kò rí ọ̀nà dé ibẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá, nítorí pé àkójọ orúkọ ìwé tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti pòórá. Oṣù Jánúárì 2024 ni èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ tó padà, ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ti yà sínú ẹ̀rọ sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí a tó tún rí i. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti sun bébà nígbà tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ tán, kí ni wọn ì bá wí?

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé-ìkàwé orílẹ̀-èdè tiwa. Èkó ni wọ́n ti ṣí i ní 1964. Òfin 1970 sọ pé ẹni tí ó bá tẹ ìwé jáde ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ kó ẹ̀dà 3 lọ fún un. Òfin náà dára. Ní 2006 wọ́n gbé iṣẹ́ ilé ńlá tuntun rẹ̀ jáde ní Àbújá. Ní 2025 a ṣì ń dá owó jọ láti parí rẹ̀. Èmi kò ní fi èyí bú ẹnikẹ́ni, nítorí pé bíbú kò parí ilé. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé bí a bá ń dúró de ìgbà tí ilé yóò parí kí a tó kọ́ ẹ̀rọ ní Yorùbá, a ó pẹ́ lórí ìdúró. Ilé gbọ́dọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Èdè kò gbọdọ̀ dúró de ìjọba.

Àwa ni a gbọ́ èdè náà. Kò sí òṣìṣẹ́ ní Oslo tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù tí a lè bá wí bí kò bá mọ̀ pé "aiye" àti "ayé" jẹ́ ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá bá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ láìlè ka ojú ìwé kan tí a tẹ̀ ní 1925, tani a ó bá wí? Ohun tí mo ń dábàá fún ẹgbẹ́ wa kò nílò owó púpọ̀. Kí ẹgbẹ́ gba àwòrán ọdún kan ṣoṣo nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ kan. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ojú ìwé mẹ́wàá, kí ó dà á kọ ní lẹ́tà sí lẹ́tà, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà níbẹ̀ gan-an. Kí ó má ṣe tún àkọtọ́ rẹ̀ ṣe. Ẹni tí ó bá sọ "aiye" di "ayé" nínú ìwé àtijọ́ ti pa ẹ̀rí tí ọmọ ìtàn èdè ń wá. Kí ó kọ àkọtọ́ òde òní sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ̀rọ lè fi wá a. Ibi tí bébà bá ti ya, kí ó sọ pé ó ya. Kí ó má fi àbá tirẹ̀ dí i. Kí ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn sì tún un kà kí a tó gbà á wọlé.

Ojú ìwé tí a bá fi ọwọ́ kọ báyìí wúlò ní ọ̀nà méjì. Ẹni tí ó ń wá ọ̀rọ̀ yóò rí i, èyí ni àkọ́kọ́. Èkejì ni pé ohun náà gan-an ni a fi ń kọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ a máa wo àwòrán, a máa wo ohun tí ènìyàn tí ó mọ̀wé sọ pé ó wà níbẹ̀, títí tí òun náà yóò fi mọ ọ́n kà. Bí a kò bá ní ojú ìwé tí ènìyàn ti kà dáadáa láti gbé síwájú rẹ̀, ibo ni yóò ti kọ́ ọ? Ọmọ tí kò ní olùkọ́, bí ó bá ṣi ìwé kà, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́.

Àwọn ará Nọ́wè kò tó wa níye, òtútù wọn sì ju tiwa lọ. Wọ́n ní owó tí a kò ní, n kò fi èyí pamọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ni ó mú kí wọ́n mọ̀ pé "gaa" ni "gå". Ọmọ tí ó mọ èdè ilé rẹ̀ ni ó sọ fún ẹ̀rọ. Àwọn tí ó kọ Akéde Èkó kọ ọ́ fún ẹni tí yóò kà á, wọn kò kọ ọ́ fún àwòrán. Bí a bá fi àwòrán wọn há ibì kan tí a kò sì lè ka ohun tí wọ́n wí, a ti fi ọlá fún bébà wọn, a kò sì gbọ́ tiwọn. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ojú ìwé mẹ́wàá péré ni mo bẹ̀ yín. Tani yóò mú tirẹ̀?